Ọlọ, Odó àti Ìjábẹ̀: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí n'Ìbàdàn, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń lo ọlọ n'Ìbàdàn lónìí, kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Àwọn ìyàwó ilé ń bi mí, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń dáná fúnra wọn ń bi mí, àwọn bàbá tó ń wá adùn ọbẹ̀ ìyá wọn ò sì gbẹ́yìn. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Kí n tètè sọ ọ́: mi ò sí lára àwọn tó ní ká da ẹ̀rọ nù. Iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé ìyà lásán ni kéèyàn máa fi ọlọ ṣe é. Iṣẹ́ sì wà tí ẹ̀rọ kàn ń bà jẹ́ ni.

Èwo ni ọlọ, èwo ni ọmọ ọlọ?

Òkúta tó fẹ̀, tó jókòó sílẹ̀, òun ni ọlọ. Èyí tí a fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí a fi ń lọ nǹkan síwá sẹ́yìn, òun ni ọmọ ọlọ. Bí ọmọ ọlọ bá là, ẹ má kàn he òkúta kan lójú títì dípò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le tó ìyá rẹ̀, kí abẹ́ rẹ̀ sì bá ojú ọlọ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa lọ ata, ata á máa sá sí ẹ̀gbẹ́.

Mo fẹ́ ra ọlọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ẹ wá òkúta líle tí hóró inú rẹ̀ hàn sójú, tí hóró náà ò sì jábọ́. Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, orí òkúta ló jókòó sí. Òkè Màpó, Àrẹ̀mọ àti Mọ́kọ́lá, òkúta quartzite ló wà nídìí wọn. Ní ilẹ̀ tó yí wọn ká, ẹ ó rí òkúta abilà dúdú àti funfun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní gneiss. Irú àwọn yìí, àti gráníìtì, ló ń ṣe ọlọ dáadáa. Yangí ò ṣeé lò rárá, nítorí ṣe ló máa ń rún. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ta èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ fún yín, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Lọ́jà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mo máa ń fi òkúta kékeré kan án: bó bá dún gooro, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, bó bá dún pòkò, ó ti sán níbì kan. Lẹ́yìn náà màá bu omi díẹ̀ sí i lójú, màá dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ibi tó bá sán máa ń mu omi, nítorí náà gbogbo ojú òkúta á ti gbẹ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ṣì tutù. Ìgbẹ̀yìn, màá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Ó yẹ kó ṣe ṣákiṣàki lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi yanrìn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á, ẹ lọ sí Ọjà Ọba nísàlẹ̀ Màpó, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta odó, ìkòkò amọ̀ àti igbá. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ délé, ẹ wo agboolé yín dáadáa. Ọlọ ìyá àgbà lè wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn, tàbí tí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi lé lórí. Èyí tí ìyá ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún sàn ju tuntun lọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yanrìn. Ẹ ṣáà má gbé e sórí ọ̀kadà.

Mo ra tuntun. Ṣé mo lè fi lọ ata lọ́jọ́ náà?

Rárá o. Ẹ ó jẹ òkúta.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti omi fọ̀ ọ́, láìfi ọṣẹ sí i. Bó bá ti gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ sí i, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kẹ́ ẹ rí i pé ọmọ ọlọ dé gbogbo ojú rẹ̀, títí kan ẹ̀gbẹ́. Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ á dúdú díẹ̀, á sì máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ gbá a dà sílẹ̀ fún adìyẹ, òun ò kọ yanrìn. Ẹ tún da òmíràn sí i, ẹ tún lọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa ṣe títí ìyẹ̀fun náà á fi funfun bó ṣe yẹ kó funfun. Kẹ́ ẹ wá fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí aṣọ ò bá mú nǹkan kan, ẹ bu ìyẹ̀fun ìgbẹ̀yìn ṣíún sẹ́nu, ẹ fi eyín iwájú rún un. Eyín ò purọ́.

Ọlọ ilé wa ti dán. Ata kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Kò tíì kú. Ẹ tún ojú rẹ̀ ṣe. Irin ẹnu ṣóńṣó àti òòlù lẹ máa lò: ẹ máa ṣá a díẹ̀díẹ̀, ojú kan sí òmíràn, kí ojú rẹ̀ ṣáà lè ṣe ṣákiṣàki padà. Ẹ má gbá a bí ẹni tó ń fọ́ òkúta, ẹ ó là á. Ẹ fi awò bo ojú yín, nítorí ẹ̀rún òkúta ń ta. Ẹ ṣe bákan náà fún abẹ́ ọmọ ọlọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sídìí àgbàdo gbígbẹ bíi pé tuntun ni.

Èwo ni ká kọ́kọ́ lọ, ata ni àbí àlùbọ́sà?

Èyí tó bá gbẹ jù ló ń ṣáájú. Ata gbígbẹ àti iyọ̀ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí iyọ̀ máa ń bá ọmọ ọlọ ha ata. Lẹ́yìn náà ata rodo, lẹ́yìn rẹ̀ àlùbọ́sà, tòmátì ló kẹ́yìn. Bí tòmátì bá ṣáájú, omi rẹ̀ á gbé ata gbígbẹ sáré kiri lórí òkúta, kò sì ní kúnná títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ fi nǹkan gbé ẹ̀yìn ọlọ sókè díẹ̀ kó dagun síwájú, kẹ́ ẹ gbé abọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jókòó sórí àpótí. Agbára ò sí lọ́wọ́, èjìká àti ara òkè ló ń tì í lọ. Tó bá ń padà bọ̀, ẹ dẹ ọwọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ nìkan lọ ata, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á sọ fún un lálẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ọlọ ló ń mú kí àkàrà wú, àbí ẹnu lásán ni?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ló wà nídìí ẹ̀. Bíléńdà ò lè yí ẹ̀wà láìsí omi púpọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá bu omi sí i, á kàn máa pariwo lórí òfìfo. Lórí ọlọ, ẹ̀wà tó ti rẹ, tẹ́ ẹ bó, tẹ́ ẹ sì sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ń kúnná pẹ̀lú omi tí kò ju kíkán lọ. Ó máa ń ki pọ́pọ́.

Èyí tó ki yìí ló ń gba afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ kó o sínú odó tàbí abọ́ jíjìn, ẹ fi ọmọ odó tàbí ọmọ orógùn pò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ ó rí i pé ó ń funfun sí i, ó ń fúyẹ́, ó sì ń kún abọ́. Ẹ bu ìwọ̀n orí ìka kan jù sínú ife omi tútù. Bó bá léfòó, ẹ gbé epo kaná. Bó bá rì, ẹ máa pò ó lọ. Ẹ má tíì fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i títí epo á fi gbóná, nítorí omi ara àlùbọ́sà máa ń wó ohun tẹ́ ẹ ti pò.

Ẹni tí kò ní ọlọ, kó gbé ẹ̀wà lọ sílé ẹ̀rọ, kó sì dúró tì í. Ẹ sọ fún ẹlẹ́rọ pé kó má bu omi sí i, kẹ́ ẹ tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí omi ló ń mú iṣẹ́ tirẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣáà máa lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹ tètè dé níbẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn aláàkàrà. Bó bá ti lọ ata ẹlòmíràn tán kó tó kan yín, ata oníata lẹ ó jẹ nínú àkàrà yín.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, ẹ fi bíléńdà lọ̀ ọ́, kò sí wàhálà. Mọ́ínmọ́ín nílò omi tẹ́lẹ̀. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi dá ara rẹ̀ lágara lórí ọlọ nítorí ẹ̀.

Wọ́n ní irin ń bọ́ sínú ata nílé ẹ̀rọ. Ṣé ọlọ mọ́ jù ú lọ?

Irin ń bọ́ lóòótọ́. Irin pẹlẹbẹ méjì ló ń fara gbora nínú ẹ̀rọ ìlọta, ohun tó bá sì ń fara gbora á jẹra. Ìgbà tó ń pọ̀ jù ni ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin náà, àti ìgbà tí wọ́n bá fún un mọ́ra jù kí nǹkan lè kúnná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ inú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi ro èlùbọ́ tàbí ìyẹ̀fun gbígbẹ tẹ́ ẹ gbé dé. Ẹ̀rún dúdú á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹlẹ́rọ tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi nǹkan tí wọn ò ní jẹ lọ irin tuntun kó tó gba ata yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ rò pé ọlọ ò lẹ́bi. Òkúta náà ń jẹra, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ, inú oúnjẹ ni. Eyín àwọn èèyàn ayé àtijọ́ tó jẹ oúnjẹ orí òkúta dọ́jọ́ alẹ́, àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń rí i pé ó ti jẹ wọlé. Ẹ má sì dá àwọn tó ń sọ pé ata orí ọlọ ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn lóhùn. Ata ni.

Kí ló dé tí àmàlà fi dúdú nígbà tí iṣu funfun?

Àwọn kan rò pé wọ́n ń ro nǹkan mọ́ ọn. Wọn kì í ro nǹkan kan mọ́ ọn. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná tí kò tíì hó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ ganrangan. Gbọdọ nìyẹn. Ohun tó wà nínú iṣu, tó ń mú kó pọ́n bí a bá gé e tí a fi í sílẹ̀, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ lára gbọdọ bó ti ń gbẹ. Bí omi híhó bá wá kan èlùbọ́ rẹ̀, àwọ̀ náà á jáde kedere. Èlùbọ́ láfún kì í ní àwọ̀ yìí, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Níbí, ẹ gba ẹ̀rọ láyè. Odó ni wọ́n fi ń gún gbọdọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú, wọ́n á tún padà gún èyí tí kò jọ̀. Iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ni fún agbọ̀n ńlá kan, ẹ̀rọ ń ṣe é kí èèyàn tó kí ará ọjà tán. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ àmàlà tó sì mọ èyí tí wọ́n fi odó gún yàtọ̀. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí gbọdọ ṣe gbẹ tó àti bí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ṣe jọ̀ ọ́ dáadáa tó.

Gbígbẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Nígbà òjò, gbọdọ tí kò gbẹ dénú máa ń bu, oríṣi èébu kan sì máa ń pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Síse ò lè pa á, lílọ ò lè gbọ̀n ọ́n dànù. Àwọn IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó wà níbí n'Ìbàdàn láti 1967 wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko àgbàdo àti ẹ̀pà nítorí májèlé kan náà. Fún gbọdọ, oòrùn ni. Bẹ́ ẹ bá dé ọjà Bódìjà, ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ dún pẹ́kẹ́. Bó bá ń tẹ̀, tàbí tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ẹ fi í sílẹ̀ kódà bí ìyá tó ń tà á bá ń pè yín lọ́mọ òun.

Ewédú ńkọ́? Bíléńdà ṣe tán ní ìṣẹ́jú kan.

Ó ṣe tán, ó sì bà jẹ́ tán. Ewédú tí bíléńdà gé máa ń hó bíi ọṣẹ, kì í sì í fà dáadáa. Ìjábẹ̀, ìgbálẹ̀ kúkurú tí a fi ń lu ọbẹ̀, máa ń já ewé náà wẹ́wẹ́ nínú ìkòkò láìpò ó mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ já a lẹ́ka dànù, ẹ fi omi díẹ̀ àti kaun bíńtín sè é, kẹ́ ẹ máa gún ìjábẹ̀ lé e lókè sísàlẹ̀ lórí iná. Kaun ń mú kó rọ̀, ó sì ń mú kó yọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ẹnu á máa ta yín.

Ìjábẹ̀ yìí kan náà lẹ lè fi lu gbẹ̀gìrì, bí ẹ̀wà bíbó bá ti jinná dé ibi tó ti ń fọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀wà náà bá jinná tó, kò pọn dandan. Ẹ ṣáà má fi ìjábẹ̀ tútù pamọ́ sínú ọ̀rá. Ẹ fi kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ògì mi kì í kan bíi ti ìyá mi. Ṣé torí pé mi ò lo ọlọ ni?

Rárá, ọlọ ò sí nínú ẹ̀. Ẹ ń kánjú ni. Àgbàdo gbọ́dọ̀ rẹ sómi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ti lọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ sì ti sẹ́ èérí rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kí ògì náà sùn lábẹ́ omi rẹ̀, ó kéré tán di ọjọ́ kejì. Àwọn kòkòrò aláìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi yẹn ló ń sọ ọ́ di kíkan, kíkan náà ló sì ń lé àwọn tó lè bà á jẹ́. Ẹni tó fi gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì lọ́jọ́ tó sẹ́ ẹ, ó ti fi òtútù dá wọn dúró. Omidùn tó wà lókè, ẹ má dà á nù, òun la fi ń rẹ ewé àti egbò àgbo.

Ẹ̀kọ sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣebí wọ́n ń kì wá pé Ìbàdàn ọmọ a jòro sùn, ọmọ a jẹ ìgbín yó, ọmọ a fi ìkarahun fọ́rí mu. Ẹni tó bá fi ìkarahun ìgbín fọ́ ẹ̀kọ mu, ó ti ní láti rí ibi tí wọ́n ti lọ àgbàdo.

Ṣé èèyàn lè ṣe ìrú nílé?

Ó lè ṣe é bó bá ní àyè àti àwọn aládùúgbò tó ní sùúrù. Wọ́n á se èso igi igbá láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tàbí gún un wẹ́rẹ́ nínú odó kí èèpo lè ṣí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá fi ewé bò ó nínú igbá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta níbi tó móoru. Tèmi, mo máa ń rà á lọ́jà.

Mo rí òkúta kékeré kan tó dán nínú oko bàbá mi. Ṣé ọmọ ọlọ àtijọ́ ni?

Bó bá kéré tó ń wọ àtẹ́lẹwọ́, tí apá kan rẹ̀ sì rí bẹẹrẹ bí ẹnu àáké, ẹdùn àrá nìyẹn, kì í ṣe ọmọ ọlọ. Àwọn oníṣàngó mọyì rẹ̀ gan-an, ẹ má fi lọ nǹkan. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní irinṣẹ́ àwọn èèyàn ìgbà láéláé ni, tí wọ́n fi òkúta lọ òkúta títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Nígbà tí Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn, wa Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́ ní 1965, ó bá àáké olókùúta tí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú egungun èèyàn tó ti lo ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Ẹ ò rí i pé lílọ òkúta mọ́ òkúta ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ ata rodo, èyí tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá.

Ìyá àgbà ní ọmọdé ò gbọdọ̀ jókòó sórí odó. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdí tí wọ́n á fún ọmọdé á yàtọ̀ láti agboolé kan sí òmíràn, gbogbo rẹ̀ sì máa ń dẹ́rù bà wọ́n tó. Èmi gbà pé oúnjẹ la ń gún níbẹ̀, ìdí ọmọ tó ti ń yílẹ̀ láti òwúrọ̀ ò sì yẹ ẹnu odó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò nílò àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fúláàtì lókè ni mò ń gbé. Ṣé mo lè lo odó àti ọlọ?

Ọlọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tí ẹ ká pọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kò ní dún, kò sì ní ha táìlì onílé. Odó ni wàhálà. Iyán gbígún lókè dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á sì mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ jẹ iyán àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ò jẹ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ẹ ò gbọdọ̀ bu omi sí iyán títí gbogbo kókó rẹ̀ á fi tán. Kókó tí omi bá ti bá, ọmọ odó ò ní rí i mú mọ́.

Ṣé ọlọ kan ṣoṣo tó fún ata, ẹ̀gúsí àti àgbo?

Kò tó. Bẹ́ ẹ bá fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọlọ ata, ẹ lè lọ ẹ̀gúsí lórí rẹ̀, torí inú ọbẹ̀ kan náà ni méjèèjì ń lọ. Ẹ ṣáà tètè fọ òróró ẹ̀gúsí kúrò lójú rẹ̀ lẹ́yìn náà, bó bá sùn síbẹ̀ á máa rùn. Ṣùgbọ́n ata ń wọnú ihò òkúta, kì í tán níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lọ àgbo ọmọ tuntun lórí ọlọ ata, igbe ọmọ ló máa gbọ́. Ẹ ní ọlọ kékeré kan lọ́tọ̀ fún àgbo, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ẹni tó ń wá ibi lọ ata ò ti ní rí i.